Àgbá Napoleon 1857 ní ìwọ̀n 1/16: ẹ gbà mí, kẹ̀kẹ́ ti dá mi lágara

Tádé_Baltimore
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń yọ́ ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lọ́rùn báyìí.

Nínú oṣù keje, mo kó àwọn ọmọ lọ sí Gettysburg ní Pennsylvania, níbi tí àwọn ọmọ ogun Àríwá àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà ti kọjú ìjà síra wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọjọ́ kìíní sí ìkẹta oṣù keje ọdún 1863. Gbogbo pápá náà, àgbá ni lọ súà. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 11, lọ dúró ti ọ̀kan tó ti tutù yọ̀yọ̀ bí omi ewédú, ó ní, "Dádì, ṣé a lè ṣe èyí nílé?" Ẹnu mi yá jù. Mo ní kí ló fẹ́ dí wa lọ́wọ́.

Àgbá tó nawọ́ sí ni wọ́n ń pè ní 12-pounder Napoleon (ọta rẹ̀ wúwo tó pọ́n-ùn 12), èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà wọlé ní 1857. Igi àti idẹ ni mo fẹ́ fi ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìwọ̀n 1/16, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ti gidi, mi ò fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ya rẹ̀ sínú páálí. Mo ti ya fọ́tò tó tó igba, mo sì fi téèpù wọn kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé fún ọ̀pá àgbá, mo tún ra ti sójà fún igi.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ rí gbọọrọ bí ẹyin. Ìkejì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dáa lójú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé àgbá lé e báyìí, ó fẹsẹ̀ méjèèjì ya bí ewúrẹ́ tuntun. Ìkẹta, mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo fi í ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí ni mo sì lè fi ṣe ọ̀pá àgbá fúnra rẹ̀?

Kábíntà_Mọ́kọ́lá
Bọ̀ọ̀dá Tádé, ẹ kú iṣẹ́. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo ń ṣe jẹun láti ọdún 22, àgbá kékeré ni mo fi ń ṣe fàájì lálẹ́ tí NEPA bá ṣojú àánú. Kí n tó dáhùn, sípóòkì mélòó lẹ fi sínú kẹ̀kẹ́ yẹn?

Tádé_Baltimore
Méjìlá ni, bọ̀ọ̀dá.

Kábíntà_Mọ́kọ́lá
Mo mọ̀. Ẹ padà ka fọ́tò yín. Mẹ́rìnlá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí tí ẹ bá mọ bí oníṣẹ́ àtijọ́ ṣe kàn án, ìka yín á mọ ibi tó ń lọ. Òbìrí òde kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe igi kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀. Ègé igi méje tó tẹ̀ kọrọdọ ni wọ́n fi ẹnu ko ẹnu yípo. Sípóòkì méjì méjì ló ń wọ inú ègé kọ̀ọ̀kan. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Ibẹ̀ ni méjìlá yín ti kọ́kọ́ dàrú, torí tí ẹ bá fi méjìlá sí i, sípóòkì kan á bọ́ sí ojú ìsopọ̀, ojú ìsopọ̀ ló sì máa ń là. Tí ẹ bá ń pín in lórí pépà, díǹgírì 25.7 ni àárín sípóòkì kan sí èkejì. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Èkejì ni ti "ewúrẹ́ tuntun". Kẹ̀kẹ́ àgbá kì í tẹ́. Ó jinlẹ̀ díẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, inú àwo náà sì kọjú síta. Sípóòkì kúrò ní họ́ọ̀bù, igi róbótó àárín kẹ̀kẹ́, ó dà síta díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé òbìrí. Lẹ́yìn náà, apá méjèèjì ọ̀pá irin tó so kẹ̀kẹ́ pọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kẹ̀kẹ́ wá dà lókè, ṣùgbọ́n sípóòkì tó wà nísàlẹ̀, èyí tí ẹrù wà lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn, dúró ṣánṣán bí òpó ilé. Tí kẹ̀kẹ́ bá rìn lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, tí ẹrù ń tì í sọ́tùn-ún sósì, àwo yẹn ni kì í jẹ́ kó ya. Tiyín tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ya. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Bí èmi ṣe ń rí i mú nìyí: mo gé páálí líle ní róbótó, mo yọ ègé tín-ín-rín kúrò lára rẹ̀ bí ẹni gé kéèkì, mo wá fa etí méjèèjì pọ̀ kó ṣe ṣónṣó díẹ̀, bí akete tó rẹlẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, mo fa ìlà mẹ́rìnlá sí i lára. Orí rẹ̀ ni mo ti ń to kẹ̀kẹ́. Ègé méje ni mo kọ́kọ́ ń lẹ̀ yípo nísàlẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, họ́ọ̀bù á jókòó sókè ṣónṣó, sípóòkì á wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń ti họ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ bíi ti oníkẹ̀kẹ́ gidi, mi ò bá wọn jà, àmọ́ lọ́wọ́ tèmi òbìrí kì í yí dáadáa tí mo bá gba ibẹ̀.

Sípóòkì: igi súyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọparun ni, kì í ṣẹ́ bọ̀rọ̀. Mo ń ki í sẹ́nu dírílì, mo fi sandípépà dì í mú bó ti ń yí, kó lè nípọn nídìí, kó fẹ́lẹ́ lórí. Lẹ́yìn náà mo fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, torí sípóòkì gidi kì í rí róbótó, ó fẹ̀ bí èso àgbálùmọ̀ tí ẹ là.

Táyà òde, ìlà páànù mílíìkì. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an, alágbẹ̀dẹ á fi iná mú irin náà gbóná kó fẹ̀, á fi wọ kẹ̀kẹ́, á da omi sí i, irin á sún kì, gbogbo igi á fún pọ̀ gírígírí. Ti wa kò gba iná, gílúù ti tó.

Ẹ̀gbọ́n_Woolwich
Tádé àbúrò mi, dúró ná. O ní o fi téèpù wọn kẹ̀kẹ́ ní Gettysburg. Ṣé o fi owó kọ́bọ̀ kan kan igi náà wò?

Tádé_Baltimore
Ẹ̀gbọ́n, mi ò kan nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má fọwọ́ kàn án ní ìkankúkan.

Ẹ̀gbọ́n_Woolwich
Ká ní o kàn án ni, wàá gbọ́ "kọ̀ǹ". Irin ni. Igi tó gbé àgbá lọ́dún 1863 ti jẹrà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tún pápá yẹn ṣe fún ìrántí, láti bí 1895 síwájú, Calvin Gilbert tó ní ilé ìdárin nínú ìlú Gettysburg níbẹ̀ ló fi irin dídà ṣe àwọn ìjókòó àgbá tí ẹ ń wò lónìí. Ó jọ igi lókèèrè, ó sì ti pẹ́ débi pé òun náà ti di ohun àtijọ́ láyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí o bá sún mọ́ ọn, nípọn rẹ̀ àti orí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ti igi. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá àgbá tó wà lórí wọn jẹ́ ojúlówó. Nítorí náà gba ọ̀pá gbọ́, má gba ìjókòó gbọ́. Mo ti rí ẹni tó fi oṣù mẹ́jọ ṣe àwòṣe tó rẹwà gan-an, ó gbé e wá síwájú wa, ẹnì kan nínú wa bi í léèrè pé "Èyí ni ti ogun ni, àbí ti páàkì Gettysburg?" Ojú rẹ̀ ṣì ń wù mí sọ títí dòní.

Ibi tí wàá ti rí ìwọ̀n gidi ni ìwé ìlànà ohun ìjà tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 1861, Ordnance Manual. Ó ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ mọ́, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ínṣì. Mo ti yí díẹ̀ padà fún ọ, ní 1/16, ínṣì kan jẹ́ mílímítà 1.5875:

Kẹ̀kẹ́, ínṣì 57, wá di mílímítà 90.5. Àárín táyà kan sí èkejì, ínṣì 60, di 95.25. Ọ̀pá àgbá láti òrùka ìdí dé ojú ẹnu, ínṣì 66, di 104.8. Ihò ẹnu, ínṣì 4.62, di 7.3. Kọ wọ́n sára ògiri, kí o má máa ṣí fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gílúù lọ́wọ́.

Ohun mìíràn: wo ẹnu àgbá tí ọmọ rẹ nawọ́ sí. Tó bá wú níwájú bí ètè ẹni tí oyin ta, ti Àríwá ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí Gúúsù dà fúnra wọn máa ń lọ tààrà, kò wú. Tí bàbà wá wọ́n wọn ní ìparí ogun náà, ilé iṣẹ́ Tredegar ní Richmond bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe é, wọ́n sì fi irin mìíràn dè é nídìí kó má baà bẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wọn wá yàtọ̀ pátápátá.

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin bàbá. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló gbé mi wá. Àbúrò mi Tádé, jọ̀ọ́, má kun ọ̀pá àgbá ní àwọ̀ ewé.

Ewé tí o rí yẹn, òjò àti ọdún ló fà á. Idẹ ni ọ̀pá Napoleon, bàbà ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tánńganran ìdá 10. Irú idẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síta á hu ewé, bí àwọn ère ńlá ìgboro ṣe ń hù ú. Àmọ́ ní 1863, iṣẹ́ ló wà lẹ́nu, ọdún díẹ̀ péré ni ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lò. Àwọ̀ idẹ tó ti pọ́n sí búráùn ni kó jẹ́, bí ojú agogo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Níbi ojú iná lókè ìdí, níbi tí wọ́n ti ń tan án, àti yíká ẹnu, kó dúdú nítorí èéfín ẹ̀tù. Fi ṣọ́ọ̀kì dúdú tí o lọ̀ kúnná pa á, fi ìka rẹ nù ún kúrò, ohun tó bá kù sílẹ̀ ni o fẹ́.

Ti igi ńkọ́? Ọ̀dà "sójà" tó o rà, ó dá mi lójú pé ewé ogun àgbáyé kejì ni. Wọ́n ń pe ti 1863 náà ní "olive", ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi pò ó ni amọ̀ yẹ́lò, dúdú fìtílà díẹ̀ bín-ín-tín, àti epo linseed tí wọ́n sè. Lọ pò ó fúnra rẹ kí o wò ó. Yẹ́lò tó dọ̀tí, tó fẹ́ ṣe ewé tó ń ṣojo ni. Àwọn irin ara rẹ̀ ni wọ́n ń kùn ní dúdú. Tí o bá pò ó tán, fi funfun díẹ̀ sí i, nítorí àwọ̀ tó bá wà lára ohun kékeré máa ń ṣókùnkùn lójú ju tara ohun ńlá lọ.

Tádé_Baltimore
Àǹtí, mo ti ra ọ̀dà ewé méjì o. Dọ́là mọ́kànlá.

ÌyáÌbejì_Houston
Fi kun koríko.

Kábíntà_Mọ́kọ́lá
Ẹ dákun, ohun kan ń dùn mí lọ́kàn. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gé igi, tó fi í wọ ara wọn láìsí àlàfo, ẹ wá ní kó fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀? Èmi máa ń fi epo pa tèmi lára ni, kí gbogbo ayé rí ojú igi.

Ẹ̀gbọ́n_Woolwich
Kábíntà, a ti bá ọ fa ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá. Ohun tó wà lójú ogun ni ọmọ ọdún 11 fẹ́ rí.

Kábíntà_Mọ́kọ́lá
Ọmọ ọdún 11 kò tíì rí ojú ìrókò tó dán. Mo ti dákẹ́.

Akin_Bìní
Lórí ọ̀pá àgbá. Tádé, bí o bá ní ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kérésì, jẹ́ kó bá ọ dà á ní Igun Street níbí ní Benin City. Iṣẹ́ idẹ wọn kò tíì sinmi láti ayé àwọn Ọba àtijọ́. Ìda ni wọn yóò kọ́kọ́ fi gbẹ́ ọ̀pá náà, wọn á fi amọ̀ bò ó, wọn á fi iná yọ́ ìda kúrò, idẹ á wá gba ààyè ìda. Ìwọ ni kí o gbẹ́ ìda náà kó tó dé ọwọ́ wọn, nítorí ojú wọn mọ orí ọba ju ẹnu àgbá lọ. Tí idẹ bá tutù, ó máa ń sún kì, bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà má gbẹ́ ẹ sí 104.8, gbẹ́ ẹ sí bíi 106.4.

Ṣe apá méjèèjì tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń jókòó sórí igi, kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wàá gé e nígbà tó bá tutù. Apá yẹn ni gbogbo àgbá fi ń dúró, tí wọn kò bá wà lórí ìlà kan náà, ẹnu àgbá á máa wo ọ̀run lápá kan. Mo gbà ọ́ níyànjú láti fi abẹ́rẹ́ tó gùn gún ìda náà já sí òdìkejì kí o tó lẹ apá mọ́ ọn.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn: ọ̀pá àgbá gidi wúwo tó kílógíráàmù 557. Pín in sí 16 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí gígùn, ìbú àti òró ló kéré. Gíráàmù 136 ni yóò kù. Tí o bá gbé tìrẹ sórí òṣùwọ̀n ìdáná tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé o ṣe é dáadáa.

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹni tí kò ní Bìní nítòsí, ẹ̀rọ ìtẹ̀ 3D wà. Èmi fi resin, omi tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le, tẹ tèmi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, omi resin kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ lásán kàn. Tẹ̀ ẹ́ ní òró, ẹnu sókè, kí ìlà ìtẹ̀ lè lọ yíká ọ̀pá, ibẹ̀ ló rọrùn láti fi sandípépà pa á. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó fúyẹ́. Tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó dà bí ẹni tí kò jẹun. Ki òjé sínú rẹ̀.

Alábòójútó
Ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi idẹ dà á, ẹ lu ihò ẹnu kó wọlé díẹ̀ kó dúdú, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ lu ojú iná já. Àwòṣe tó lè yìn kì í ṣe àwòṣe mọ́, ìbọn ni, ní Nàìjíríà àgbá sì wà lára ohun ìjà tí òfin ìbọn kà léèwọ̀. Ẹni tó bá béèrè nípa ẹ̀tù níbí, màá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Akin_Bìní
Ẹ ṣeun sà. Mo tún fi kún un pé ẹni tó bá ń gbé e gba pápákọ̀ òfuurufú kọjá kó tú kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá sọ́tọ̀, kó sì ní fọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì nínú fóònù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn wọ́n fi wákàtí méjì àbọ̀ wo àgbá tèmi. Ọ̀gá kan tilẹ̀ fi ojú kan ṣojú wọ inú ihò rẹ̀, ihò tó jìn tó mílímítà mẹ́wàá.

Ṣèyí_Yaba
Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò ní dírílì, mi ò ní Bìní, mi ò ní resin. Páálí, gílúù àti réésà ni mo ní. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Napoleon ní 1/35?

Ẹ̀gbọ́n_Woolwich
Ní 1/35 kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á jẹ́ mílímítà 41.4, sípóòkì mẹ́rìnlá nínú rẹ̀. Ojú á fọ́ ọ. Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbá tí kò ní sípóòkì. Wo fọ́tò àwọn àgbá irin tó ń wo òkun ní Cape Coast ní Gánà. Irú àgbá ọkọ̀ ojú omi tàbí ti ilé ògiri bẹ́ẹ̀, igi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ róbótó kéékèèké mẹ́rin, ó tán. Kẹ̀kẹ́ náà kò ju kí o to páálí lé ara wọn kí o gé e lọ. Igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn, o lè fi réésà gé e. Ṣe méjì, ṣe mẹ́ta. Nígbà tó o bá padà dé ọ̀dọ̀ Napoleon, ọwọ́ rẹ á ti mọ ìwọ̀n.

Tó o bá ráyè wá sí ìlú ọba, má lọ sí London nìkan. Lọ sí Fort Nelson nítòsí Portsmouth, ẹ̀ka Royal Armouries ni. Àgbá àwọn Tọ́kì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dà ní 1464, abala méjì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ń fi ìdí rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìdérí ìgò. Ọmọ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe ní ọdún 14, òun ló wù mí jù, kò sì ní kẹ̀kẹ́ kankan!

Kábíntà_Mọ́kọ́lá
Ṣèyí, tí o bá fẹ́ kúrò nínú páálí, lọ sí sọ́ọ̀mílì, bẹ̀ wọ́n fún èérún arère. Ọ̀fẹ́ ni nígbà mìíràn. Ó fúyẹ́, ó rọ ọ̀bẹ lọ́rùn. Èyí gan-an ni àwọn ará òkè òkun ń rà lówó gọbọi lórúkọ obeche fún àwòṣe ọkọ̀ ojú omi. Igi ilé wa ló ń lọ wọ páálí tó rẹwà tó ń padà wá bá wa. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, fi sandípépà kúnnákúnná pa á, fi gílúù funfun tí o fi omi là pa á lára kí o tó kùn ún. Wọ́n fi oákù kan àgbá òyìnbó, ṣùgbọ́n má fi oákù ṣe àwòṣe rẹ̀, ojú igi oákù tóbi ju ìwọ̀n 1/16 lọ, ó máa dà bí igi tó ń ya.

Àgbà_Èpé
Mo kí gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè délẹ̀, gbogbo yín ló ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Àwa ará Èkó ní àgbá tiwa. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bloodhound àti Teazer wà lára wọn, yìn àgbá lu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò. Kòsọ́kọ́ náà ní àgbá lẹ́bàá ọ̀sà, ó dá wọn lóhùn. Bloodhound àti Teazer gúnlẹ̀ sórí iyanrìn lábẹ́ ìró náà. Ìlú ni ó jóná lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, Kòsọ́kọ́ sì wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ogun Àgídìngbì ni wọ́n pè é, nítorí bí àgbá ṣe ń dún. Ó wù mí kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ yìí ṣe bèbè ọ̀sà yẹn: iyanrìn, àpò iyẹ̀pẹ̀, igi àgbọn tí ọta ti gé lórí, àti àgbá irin orí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tí Ẹ̀gbọ́n Woolwich sọ.

Ṣèyí_Yaba
Bàbá, ẹ ti fún mi níṣẹ́. Yaba kò jìnnà sí ọ̀sà yẹn. Èmi ni màá ṣe é.

Tádé_Baltimore
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Kẹ̀kẹ́ kẹrin fọ́. Ìkarùn-ún dúró. Mo to ó lórí akete páálí Bọ̀ọ̀dá Kábíntà, igi súyà náà ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi béèrè ibi tí ọparun rẹ̀ wọlé sí. Ọmọ mi ka sípóòkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà pé mẹ́rìnlá ni. Nígbà tí mo gbé àgbá lé e, ó dúró ṣánṣán. Mo fi ọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò, kò ya.

Mi ò rí ẹni tó ń lọ Bìní, mo fi ẹ̀rọ lathe ọ̀rẹ́ mi kan, èyí tó ń yí irin kí a lè fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ, rẹ́ ọ̀pá idẹ gbọọrọ.  Akin, ó wúwo ju gíráàmù 136 tìrẹ lọ nítorí mi ò lu ihò rẹ̀ jìn, bí Alábòójútó ṣe wí. Ètè rẹ̀ wú. Mo fi abẹ́rẹ́ kọ ọdún, ìwọ̀n àti orúkọ ilé ìdárin sójú ẹnu rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà yẹn. Ti Revere Copper ní Boston ni mo kọ, nítorí òun ló wà lára èyí tí ọmọ mi nawọ́ sí.

Àwọ̀ yẹ́lò-dídọ̀tí Àǹtí Houston pe ìjà sílé. Ọmọ mi ní kò jọ ti páàkì. Mo ní kò yẹ kó jọ ọ́. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo mú ọ̀rọ̀ yín wá.

Ó ku ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu inú rẹ̀ tí wọ́n sì fi ń ki ọta, garawa omi, àti okùn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe okùn tí irun rẹ̀ kì í ta? Ibo sì ni garawa máa ń wà?

ÌyáÌbejì_Houston
Fa òwú náà gba inú ìda oyin kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ìka rẹ á pa irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí o tó fi í rán, jẹ́ kó lọ́ sí apá kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n_Woolwich
Ọ̀pá ìnu náà ń wà lábẹ́ igi gígùn ẹ̀yìn, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rìn. Garawa, irin ni, ó ń so rọ̀ lábẹ́ ọ̀pá tó so kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀. Tó o bá ń ṣe é bí ẹni tó ń jà, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, da omi dúdú sí i, nítorí omi tí wọ́n ti fi nu ẹ̀tù ni. Kí o sì ṣe ìbọ̀-àtàǹpàkò awọ kékeré kan fún ẹni tó ń di ojú iná nígbà tí wọ́n bá ń ki ọta. Kò tó èékánná ọmọ tuntun. Gé e lára awọ bàtà tó ti gbó.

Tádé_Baltimore
Bàtà ta ni ká gé báyìí?

ÌyáÌbejì_Houston
Tìrẹ. O ti jí ọparun ìyàwó rẹ.